Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ mú bàbá mi pàgọ́ lẹ́bàá Odò Columbia fún ọjọ́ mẹ́fà

ỌmọÌlọrin_Renton (ọjọ́ Ajé, aago 9:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú làálàá.

Bàbá mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù karùn-ún. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n, iṣẹ́ awakọ̀ ni wọ́n sì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ìjókòó ojú kan kò bá wọn lára mu. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á máa wo ọ̀nà. Lánàá ni wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Láti ilé dé ibi iṣẹ́, láti ibi iṣẹ́ dé ilé. Ṣé ìlú yìí ò lódò tí èèyàn lè jókòó tì ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò sùn dáadáa.

Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà ní oṣù September. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì àti bàbá jọ wọ ọkọ̀ láti Renton, ká tẹ̀lé Odò Columbia láàárín ìpínlẹ̀ Oregon àti Washington ní Amẹ́ríkà níbí, ká máa pàgọ́ sùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni orúnkún bàbá. Wọn ò lè gun òkè, wọn ò sì gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi fúnra mi ò pàgọ́ rí.

Níbo la lè sùn sí? Kí la máa gbé dání? Ibo ló yẹ ká ti dúró pẹ́, ibo ló yẹ ká kàn yọjú sí? Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

ÌyáÌbejì_Vancouver (aago 9:50 alẹ́)

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ̀yin náà á jẹun ọmọ pẹ́.

Vancouver ti Washington ni mò ń gbé, kì í ṣe ti Kánádà, mo sì lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé mi dé etí odò yìí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àtàwọn ọmọ mi ti ń pàgọ́ lẹ́bàá rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Portland bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹnu odò, níbi tó ti ń wọnú òkun, kí ẹ tó wá kọjú sí ìlà oòrùn. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, oòrùn á wà lẹ́yìn yín lọ́sàn-án, kò ní máa gún awakọ̀ lójú. Èyí tó tún ṣe pàtàkì sí mi jù ni pé bàbá á rí ilẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Ní Cascade Locks, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún lé ní ínṣì 70. Igi ibẹ̀ ga, ó ṣú dùdù, àpáta pàápàá ń sun omi. Ẹ tún wakọ̀ díẹ̀ sí i, kò tíì pé wákàtí kan, ẹ ti dé The Dalles, níbi tó jẹ́ pé nǹkan bí ínṣì 14 péré ní ń rọ̀. Koríko gbígbẹ, òkè rúsúrúsú, ojú ọ̀run gbalasa. Bí ẹni kúrò nínú igbó Oǹdó tó ṣàdédé bára rẹ̀ ní Sókótó. Àwọn òkè Cascade ló dá ìkùukùu òkun dúró lápá kan, tí apá kejì fi gbẹ.

Ní ti orúnkún bàbá, ẹ má fi wọ́n sínú àgọ́ aláṣọ lálẹ́ àkọ́kọ́. Ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Washington kan wà lẹ́nu odò tó ń jẹ́ Cape Disappointment. Wọ́n ní yurt níbẹ̀: ilé rìbìtì tí wọ́n fi igi àti tapólì tó nípọn kọ́, ó ní bẹ́ẹ̀dì, iná, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, àti ilẹ̀kùn tó ṣe é tì. Fort Stevens, lódìkejì odò ní Oregon, ní irú rẹ̀. Ẹ sun oorun méjì níbẹ̀. Fún àwọn alẹ́ yòókù, ẹ ra bẹ́ẹ̀dì àgbéká tó ní ẹsẹ̀, kì í ṣe mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Sísùn kọ́ ló máa ń nira fún àgbàlagbà nínú àgọ́, dídìde ni. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ga tó orúnkún, wọ́n á kàn yí ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á nàró. Ẹ tún mú àga tó ní apá líle dání, irú èyí tí wọ́n á lè fọwọ́ tẹ̀ dìde.

Ẹ gba àyè sílẹ̀ lálẹ́ òní. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni Oregon ti ń ṣí i fún èèyàn, nítorí náà àwọn kan ti ṣíwájú yín. Ẹ sá fún Labor Day, ìyẹn Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú September, torí ibi gbogbo ló máa ń kún. Láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń ṣófo.

AwakọTírélà84 (aago 11:31 alẹ́)

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn kan ní kí wọ́n kú ọ̀nà.

Mò ń gba òpópónà I-84 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì mọ àfonífojì tí odò yẹn gbà kọjá tọ̀sán tòru. Ẹni tí kò bá tíì pàgọ́ níbẹ̀ rí, atẹ́gùn ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ṣáájú ẹranko. Nígbà ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbẹ apá ìlà oòrùn á gbóná, atẹ́gùn tútù láti òkun á sì gba àárín òkè wọlé bí ẹni gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀, ó lè dákẹ́ rọ́rọ́. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ó ti dé nìyẹn. Torí rẹ̀ ni àwọn tó ń fi aṣọ atẹ́gùn sáré lórí omi ṣe ń wá sí Hood River láti ìlú òkèèrè.

Ní ọdún kan, mo ta àgọ́ mi sí ọgbà tó wà lẹ́nu Odò Deschutes. Mo kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, mo rò pé ó ti tó. Mo wakọ̀ lọ ra yìnyín ní Biggs. Nígbà tí mo padà, àgọ́ ti ká kúrò nílẹ̀, ó lọ há sára igi lẹ́bàá omi, ọ̀pá rẹ̀ mẹ́ta ti kán. Inú ọkọ̀ ni mo sùn mọ́jú. Látìgbà náà, gbogbo okùn rẹ̀ pátá ni mò ń ta, èèkàn irin gígùn ni mò ń lò, mo sì máa ń gbé gálọ́ọ̀nù omi kọ̀ọ̀kan sí igun àgọ́ nínú. Tí ẹ bá ń jáde lọ́sàn-án, ẹ wó o palẹ̀, kí ẹ fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti ọkọ̀ ojú irin náà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò ni rélùwéè akẹ́rù ń gbà, lóru sì ni fèrè wọn ń dún jù. Ní ọgbà ìpàgọ́ Viento, ojú irin súnmọ́ àgọ́ débi pé ẹ ó gbọ́ ọ lábẹ́ ẹ̀yìn yín kí ẹ tó gbọ́ ọ létí. Ẹ wá òwú etí fún àwọn ọmọ. Ní ọgbà ìpàgọ́ Memaloose, ariwo wà, àmọ́ ibẹ̀ rẹwà. Ohun tí kò hàn lórí máàpù ni pé ẹni tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, tó kọjú sí Portland, nìkan ló lè yà wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Portland, ẹ máa lọ dé Exit 76 ní Rowena, kí ẹ yí padà.

Afárá Hood River: 1924 ni wọ́n kọ́ ọ, ó há, irin oníhò ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Táyà á máa hùn lórí rẹ̀ bí agbo oyin. Kí awakọ̀ gbé ojú sọ́nà, kí àwọn yòókù máa wo odò. Owó ibodè wà níbẹ̀, ó sì wà ní Bridge of the Gods ní Cascade Locks. Afárá Astoria tó gùn ju máìlì mẹ́rin lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ra epo kún táǹkì ní The Dalles tàbí Biggs, ẹ má dúró dé ibi tí iná pupa á fi tàn.

AráGresham (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:05 àárọ̀)

Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ omi ni tèmi. Èmi tí mo dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, mo rò pé mo ti rí omi tó ń já láti òkè, àfìgbà tí mo dé Multnomah. Ẹsẹ̀ bàtà 620 ni. Bàbá ò nílò láti gun òkè rárá: láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ìsàlẹ̀ omi, ojú ọ̀nà tẹ́jú, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gòkè dé afárá kékeré tó wà láàárín, kí bàbá jókòó máa wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá gba I-84, apá òsì ni Exit 31 wà, kì í ṣe apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ ló sì ń kọjá rẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, wọ́n máa ń béèrè ìwé àyè alákòókò fún ọkọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gbà á. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù.

Àmọ́ ẹ má gba I-84 nìkan. Ẹ gba ojú ọ̀nà àtijọ́, Historic Columbia River Highway, tí wọ́n kọ́ láàárín 1913 sí 1922. Ẹni tó yà á, Samuel Lancaster, yí ọ̀nà náà ká orí òkè kí ọkọ̀ ìgbà náà má bàa rẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́ líle, kí èrò sì lè máa rí odò. Bàbá tó jẹ́ awakọ̀ á mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ ọ̀nà. Ẹ dúró ní Vista House, ilé ìwòran orí òkè tí wọ́n parí ní 1918. Latourell Falls wà lójú ọ̀nà yẹn náà, ó sì súnmọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan méjì. Ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní poison oak, ewé mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń so. Ohun tí wèrèpè ń ṣe fún èèyàn kò tó tirẹ̀, torí èyí máa ń dé lọ́jọ́ kejì, ó sì ń lé roro. Kí àwọn ọmọ wọ ṣòkòtò gígùn. Èkejì ni iná. Ní September 2017, ọmọ ọdún 15 kan ju báńgà (firework) sínú àfonífojì Eagle Creek. Igbó tó jóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà 50,000. Ẹ ó ṣì máa rí àwọn kùkùté dúdú lórí òkè. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé òfin má-dáná jáde, òfin ni. Ẹ mú sítóòfù gáàsì dání, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n gba òun náà láàyè lọ́sẹ̀ yẹn. Igi ìdáná, ibi tí ẹ bá wà ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má gbé e wá láti Renton, kòkòrò máa ń bá a rìnrìn àjò.

ỌmọÌgbómìnà (aago 1:20 ọ̀sán)

Ẹ ti sọ ti ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá, torí ẹni tó bá wo odò yìí láìmọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, omi lásán ló wò.

Tí ẹ bá kúrò ní Cape Disappointment, tí ẹ ń bọ̀ síbi afárá Astoria, ẹ ó kọjá ibì kan létí omi tí wọ́n ń pè ní Station Camp. Ẹ dúró níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní November 1805, àwọn arìnrìn-àjò tí Lewis àti Clark, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà rán wá yẹ ilẹ̀ wò, kó dé láti ìlà oòrùn wà níbẹ̀, òjò ń pa wọ́n, ebi ń pa wọ́n. Ọkùnrin dúdú kan ṣoṣo wà láàárín wọn. York lorúkọ rẹ̀, ẹrú Clark ni. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù náà, wọ́n bi olúkúlùkù léèrè ibi tó yẹ kí wọ́n lọ fara pamọ́ sí fún òtútù. Wọ́n kọ èrò York sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Sacagawea, obìnrin ẹ̀yà Shoshone tó pọn ọmọ dé ibẹ̀, sọ tirẹ̀ náà. Òdìkejì odò ni wọ́n padà lọ, sí Fort Clatsop. Nínú ọjọ́ 106 tí wọ́n lò níbẹ̀, ọjọ́ 12 péré ni òjò ò rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé ní 1806, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba owó, wọ́n gba ilẹ̀. York ò gba nǹkan kan. Clark ò sì dá a sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀ sókè sí odò lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ ilẹ̀ tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹni tó dà bíi tiwa pè é níbẹ̀.

Èkejì ni Celilo, Exit 97 lórí I-84, lẹ́yìn The Dalles. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a kọjá. Ọgbà kékeré kan ni, igi díẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi tó tẹ́jú bí awo. Kò sí ohun tó ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n títí di 1957, ibẹ̀ ni odò ńlá yìí ti ń já láti orí àpáta pẹ̀lú ariwo. Ó ju ọdún ẹgbàárùn-ún lọ tí àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà Native American, ti ń pẹja, tí wọ́n sì ń nájà níbẹ̀. Orí pẹpẹ pákó ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọ́n á fi àwọ̀n tó ní ọ̀pá gígùn gbọ́n sámọ́nì bó ti ń fò gòkè. Ìjọba kọ́ dáàmù The Dalles, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù March 1957. Láàárín wákàtí mélòó kan, omi ti bo gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà dúró sétí odò, wọ́n ń wò ó. Ní 2008, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wo ìsàlẹ̀ omi yẹ ibẹ̀ wò: àpáta náà ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Abúlé Celilo náà ṣì wà lódìkejì òpópónà, wọ́n sì ń ṣe àsè sámọ́nì àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ìrúwé. Ilé àwọn èèyàn ni o, ẹ má wọ ibẹ̀ lọ máa ya fọ́tò.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọdá sí Washington, sí ọgbà Columbia Hills. Kí omi dáàmù tó dé, wọ́n gé díẹ̀ nínú àwọn àpáta tí àwọn baba ńlá gbẹ́ àwòrán sí, wọ́n sì gbé wọn pamọ́. Wọ́n ti tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó tẹ́jú níbẹ̀ báyìí, bàbá lè rìn ín. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, Tsagaglalal, obìnrin tó ń ṣọ́, ṣì wà lójú ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Olùtọ́jú ọgbà ló ń mú èèyàn lọ wò ó, ẹ sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ìtàn wọn ni pé olórí ìlú ni obìnrin náà, Ìkookò Kékeré tó ń jẹ́ Coyote ló sọ ọ́ di òkúta kó lè máa ṣọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ títí láé. Èmi tí mo wá láti ìtòsí Èsìẹ́, níbi tí wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé èèyàn ni àwọn ère òkúta yẹn rí, ara mi bù máṣọ. Ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi, ó sì ń wo odò. Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ o, ejò tí ìrù rẹ̀ ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa ń yá oòrùn lórí àpáta.

ỌmọÌlọrin_Renton (aago 8:40 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti gba yurt fún alẹ́ méjì, mo sì ti gba àyè àgọ́ ní Deschutes.

Ìbéèrè méjì ló kù. Bàbá kì í jẹ búrẹ́dì oní-sọ́séèjì, oúnjẹ wa ni wọ́n mọ̀. Báwo la ṣe máa ṣe é? Èkejì, ìyàwó mi ń bẹ̀rù. Ó ní àwa dúdú márùn-ún nínú ìgbẹ́ níbẹ̀, ta ló mọ ẹni tó wà nítòsí.

ÌyáÌbejì_Vancouver (aago 9:15 alẹ́)

Mo máa kọ́kọ́ dáhùn ti ìyàwó. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ní orísun. Nígbà tí Oregon kọ òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní 1857, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé dúdú tó bá ń bọ̀ ò gbọdọ̀ wá gbé ibẹ̀. 1926 ni wọ́n tó yọ ọ́. Nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó ti wà ṣáájú, ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ George Bush, tó bá àwọn aṣíwọ̀lú dé ní 1844, sọdá odò yìí kan náà lọ sí àríwá, ó sì dá oko sílẹ̀ ní ìtòsí Tumwater. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Renton, ilẹ̀ tó lọ tẹ̀dó sí kò jìnnà sí yín.

Ní tòní, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnì kan wá bá mi níbi ìpàgọ́ kan tó ní kí n fi ìwé ìsanwó hàn, tí kò sì bi àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì mi. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní parọ́. Ohun tí mo ń ṣe látìgbà náà: mo máa ń dé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo máa ń fi ìwé náà há ara òpó níwájú, lẹ́yìn náà mo máa ń lọ kí olùtọ́jú ibi ìpàgọ́ àti àwọn aládùúgbò kí n tó tú ẹrù. Ọgbà ìjọba tó ní olùtọ́jú ni kí ẹ máa sùn, ẹ má lọ dá àgọ́ pa sínú ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ yá mọ́ni. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló bá mi ta àgọ́ lọ́jọ́ tí òjò ká mi mọ́.

Oúnjẹ wá rọrùn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ se ọbẹ̀ ata, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kí ẹ rọ wọ́n sínú ike áìsìkirîmù, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan sínú ike kan, kí ẹ fi sí fìrísà títí wọ́n á fi gan bí òkúta. Àwọn ike yẹn ni yìnyín yín nínú kúlà. Èyí tí ẹ máa jẹ kẹ́yìn ni kí ẹ fi sísàlẹ̀. Gààrí, ata gígún, epo nínú ìgò oníke, iyọ̀. Ẹ fi irú sílé. Kì í ṣe pé ó burú, òórùn rẹ̀ ló ń pe raccoon láti òkèèrè, ọwọ́ ẹranko yẹn sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà. Lálẹ́, gbogbo oúnjẹ, títí kan ọṣẹ ìfọyín, inú ọkọ̀ tí ẹ tì ni.

Ẹ̀bùn September nìyí: àkókò tí sámọ́nì Chinook ńlá ń gòkè. Ẹ kọ́kọ́ yà ní dáàmù Bonneville, tí Roosevelt ṣí ní 1937. Fèrèsé gíláàsì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó máa rí ẹja bí wọ́n ti ń kọjá níwájú yín gan-an, àwọn mìíràn ti họ lára, ìrù wọn ti ya, síbẹ̀ wọ́n ń gòkè. Òṣìṣẹ́ kan wà tó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sábẹ́ Bridge of the Gods ní Cascade Locks. Tí ìgbà bá ṣí, àwọn onílẹ̀ fúnra wọn, Yakama, Warm Springs, Umatilla àti Nez Perce, máa ń ta ẹja tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí àwọn baba ńlá wọn dì mú nínú àdéhùn 1855 ni. Ẹ mú owó lọ́wọ́ dání, kì í ṣe káàdì. Ẹ sọ pé orí ẹja náà ni kí wọ́n kó fún yín, kí ẹ sì se é ní pẹpẹsúùpù lálẹ́.

AwakọTírélà84 (aago 10:02 alẹ́)

Ohun kan tí ìyá ò sọ. Lẹ́nu odò lọ́hùn-ún, kí àwọn ọmọ má ṣeré lórí ìtì igi tó wà létí òkun. Ìgbì kan ṣoṣo lè yí ìtì igi lé ọmọ lórí. Kí wọ́n má sì kọ ẹ̀yìn sí omi.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ má gba Portland mọ́. Láti Biggs, ẹ sọdá sí Maryhill, ẹ yà wo àwòkọ Stonehenge ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Sam Hill fi kọ́ńkéré kọ́ fún àwọn ọmọ ogun àdúgbò náà tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ gba US 97 lọ sí Yakima, I-82, kí ẹ wá bọ́ sí I-90 délé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ lórí òkè níbẹ̀, ẹ ti fi máàpù sórí fóònù ṣáájú.

ỌmọÌlọrin_Renton (ọjọ́ Àìkú, oṣù September, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́)

A ti dé o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Gbogbo okùn àgọ́ la ta, gálọ́ọ̀nù omi mẹ́rin la sì gbé sínú rẹ̀. Atẹ́gùn Deschutes jà títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, àgọ́ ò kúrò lójú kan. Rélùwéè ò jẹ́ kí ìyàwó mi sùn. Bàbá ní ní tàwọn, ó rán àwọn létí Ìlọrin, wọ́n sì sùn. Bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ yẹn, ẹ kú iṣẹ́, ìyá.

Ní Station Camp, ọmọ mi obìnrin ló pe orúkọ York. Ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹ ṣe wí.

A ra sámọ́nì kan lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan lábẹ́ afárá. Nígbà tó rí i pé a fẹ́ orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fi orí méjì sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un pẹ̀lú orúnkún yẹn. Òun náà di ọwọ́ bàbá mú.

Lọ́jọ́ kejì, a dé Celilo láàárọ̀, kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé àga bàbá sí etí omi, mo sọ ìtàn náà fún wọn bí ọmọ Ìgbómìnà ṣe sọ ọ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mo mọ èyí." Wọ́n ní ọmọ ọkọ̀ ni àwọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù Kainji, ọ̀gá àwọn máa ń kó símẹ́ǹtì lọ sí apá ibẹ̀. Wọ́n rí Bussa àtijọ́, wọ́n sun ibẹ̀ rí, wọ́n gbọ́ bí odò Ọya ṣe ń ho lórí àpáta níbẹ̀ kí omi tó bò ó ní 1968. Ọjọ́ tí wọ́n tún gba ibẹ̀ lẹ́yìn náà, omi ti tẹ́ lọ rẹrẹ, ó dákẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ bàbá mi, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí.

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ dákẹ́. Wọ́n yọ fìlà, wọ́n na etí sí omi. Ọmọ mi ọkùnrin béèrè pé, "Grandpa, kí lẹ ń gbọ́?" Wọ́n ní, "Mò ń wá ibi tí ariwo rẹ̀ lọ." A lo wákàtí méjì níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti fi sí i nínú ètò tí mo kọ.

Bàbá ń padà sílé ní November. Wọ́n ti ní kí n wá ẹni tó máa wa àwọn lọ sí New Bussa nígbà tí àwọn bá dé. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ bí ọ̀nà Mókwá sí ibẹ̀ ṣe rí báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.